Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Iná Nílé Àlàájì Bákàrè

Ẹ ti fura, ẹ sì fura re: ọkọ̀ tó dúró níwájú ilé Àlàájì Bákàrè ní Santasi, ní ìlú Kumasi, ní òwúrọ̀ Jímọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà á ló gbé e sílẹ̀ fún un láti ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, kó dán an wò, kó wà á yí àdúgbò ká, kó sùn tì í kó jí tì í, kó tó wá sọ bóyá òun yóò rà á tàbí òun yóò gbà á háyà. Ṣùgbọ́n Àlàájì ti nù ún. Kí ladáàní tó pe ìrun Àsùbá ló ti mú aṣọ ìnura jáde, ó ń nu ọkọ̀ náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹni tó bá ń kọjá lọ kò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí apá rẹ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọkọ̀ náà ti tó ẹ̀rí pé onínǹkan ló ń nu nǹkan rẹ̀.

Èyí tí ẹ lè má tíì fura sí ni pé Àlàájì, tó mọ̀ dájú pé òun kò lówó ọkọ̀ náà, ti búra pé òun kò ní í gbà á háyà láéláé. Àwọn tó ń háyà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń san án lóṣooṣù. Ilé-iṣẹ́ ló ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe, òun náà ló sì ń kan àpótí tí wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀ mọ́ ògiri wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rà á pátá, owó gọbọi ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò sì kó o sílẹ̀. Owó ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ Bákàrè. Ibi tó wà ni ìsọ̀ Sẹ̀kínát ìyàwó rẹ̀ ní ọjà Kejetia, ìsọ̀ tí Sẹ̀kínát ti ń ta àwo tánganran àti fúláàsì láti ìgbà tí àkọ́bí wọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Gifty, tó ń ta aṣọ ní ìsọ̀ tó tẹ̀ lé e, ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé ibẹ̀ fún òun, òun yóò sanwó lójú ẹsẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ náà ni Gifty ń retí èsì. Kí oòrùn tó wọ̀ náà ni ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ń retí tirẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ló lè mú ọkùnrin ta ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀ kó má baà gba ọkọ̀ háyà? Wáyà ni. Ilé-iṣẹ́ náà kì í kan àpótí mọ́ ògiri ẹnikẹ́ni kí oníṣẹ́ iná wọn má kọ́kọ́ wá wo mítà, kó wo ibi tí iná ń gbà wọlé. Ilé Bákàrè ní mítà kan tó jọ ojú níwájú, tó ń tan gílóòbù pálọ̀, tó ń yí fáànù, tó sì ń gbé tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ń jẹ iná ní ti gidi, fíríìjì, ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá Àlàájì tutù bí ìdí àmù, ẹ̀yìn ilé ni oúnjẹ tiwọn ti ń wá, láti ara wáyà dúdú kan tó fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀ka gúáfà, tó gun ògiri, tó sì sọ̀ sínú ilé àlùwàlá mọ́ṣáláṣí tó wà ní àgbàlá kejì. Ilé Ọlọ́run ló ń tan iná fún un. Ẹni tó bá a fa wáyà náà ti kú; lójú tirẹ̀, òun àti Sẹ̀kínát nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Kí a má purọ́, owó iná ní Kumasi kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹni tó ra kírẹ́díìtì sí mítà láàárọ̀, kó tó lọ aṣọ tán, mítà ti ń pòṣé. Àwọn tó ń ṣe irun ti ti ìsọ̀ pa, àwọn tó ń ta ẹja dídì ti ń fi ẹja tọrẹ kó tó di òórùn. Ọ̀pọ̀ ilé ni wáyà wọn ń gba ẹ̀yìn wọlé. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ó bá ṣe iná ìjọba ni Bákàrè ń jí, ì bá rí ọgọ́rùn-ún aládùúgbò tí yóò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iná tí opó àti aláàárù ń dá owó rẹ̀ sínú àpótí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun ni ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń mu.

Lálẹ́ Àlàmísì, ara wáyà yìí náà ló fún ọkọ̀ ní oúnjẹ. Ọkọ̀ kò sì jẹun bí ẹyẹ.

Nígbà tí Bákàrè dé mọ́ṣáláṣí fún Àsùbá, òkùnkùn ló bá níbẹ̀. Khàlíl ladáàní ti fi ẹnu lásán pe ìrun, ohùn rẹ̀ ti há. Omi kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ, gbogbo bútà àlùwàlá ló ṣófo, àwọn àgbà ń fi iná fóònù wá ẹni tí wọn yóò dúró tì. Wọ́n ń bú àwọn oníná. Wọ́n ní dúmsọ̀ ti tún dé, orúkọ tí gbogbo Ghana fi ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bákàrè, tí kì í dúró níbòmíràn ju ìlà àkọ́kọ́ lọ, bá wọn bú oníná. Òun gan-an ló bú wọn jù. Ó ní ìjọba tí kò lè tan iná sí ilé Ọlọ́run, kí ni yóò dé ọ̀run sọ? Ẹnì kan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé ó ṣe òun ní kàyééfì, nítorí iná wà nílé Cornelius aládùúgbò wọn ní òdìkejì títì. Lèmọ́mù Ùmàr, arúgbó tí òun àti bàbá Bákàrè jọ kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, kàn ní kí wọ́n tò dáadáa. Kí oòrùn tó yọ, Khàlíl ti ra kírẹ́díìtì sí mítà mọ́ṣáláṣí, iná sì padà.

Sẹ̀kínát ti gba kókò gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, àti kóósé, ìyẹn àkàrà, lọ́wọ́ obìnrin Háúsá tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Ó bù ú sí abọ́, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Bákàrè kì í dá ọ̀rọ̀ ńlá sílẹ̀ lórí ikùn òfo. Ó jẹ kóósé kan, ó jẹ ìkejì, ó nu ọwọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀.

Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, àánú Sẹ̀kínát ló ń ṣe òun. Ó ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti dé Mẹ́kà kò yẹ lẹ́ni tí yóò máa bá àwọn aláàárù du ọ̀nà ní Kejetia. Kó jókòó sílé wàyí, kó sinmi, kí wọ́n máa pè é ní ìyàwó Àlàájì. Sẹ̀kínát ń ro kókò. Ó ní ooru inú ìsọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, ẹ̀yìn òun gan-an a máa dun òun tí òun bá ti rántí ẹrù tí Sẹ̀kínát ń gbé. Sẹ̀kínát bu ṣúgà sí kókò. Ó ní tí àwọn bá ra ọkọ̀ yìí tán, àga ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sẹ̀kínát yóò máa jókòó sí lọ síbi tó bá wù ú.

"Ibo ló máa wù mí láti lọ, Bàbá Nàfísà, tí mi ò bá ní ìsọ̀ mọ́?" ni Sẹ̀kínát béèrè.

Bákàrè rí i pé àánú kò ṣiṣẹ́, ó sá wọnú òwe. Ó ní sòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Òun, ọmọ ẹni tó kọ́ ilé nígbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ oko, kò ní í máa wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri kí ọmọdé máa na ìka sí òun.

Sẹ̀kínát gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Sòkòtò tó bá ṣoni, bẹ́líìtì ló ń fẹ́," ló wí. "Ẹ má tú ìró ìdí mi fi ṣe bẹ́líìtì."

Fíríìjì ń kùn láàrin àwọn méjèèjì, bí àlejò tó bá ìjà tọkọtaya pàdé tí kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ sòkòtò," ni Sẹ̀kínát tún wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Nítorí wáyà ni. Ẹ gé e. Ẹ gé wáyà yẹn lónìí, kí ẹ gba ọkọ̀ háyà bíi ti gbogbo ayé, kí ẹ sì fi ìsọ̀ mi sílẹ̀."

Bákàrè wo fèrèsé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ó dìde, ó lọ tì í. Ó ní tí òun bá gé e, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn yóò bọ́ sórí mítà iwájú, mítà iwájú yóò sì máa jẹ kírẹ́díìtì bí iná ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń jẹ oko, tó bá sì di pé wọn kò lè rà á, tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, tí àwọn èèyàn wá rí i pé òun... Kò parí rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ariwo. Láti àárọ̀, Sẹ̀kínát kò tíì pariwo.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Nàfísà wọlé bá wọn. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn, ó ń kàwé ní yunifásítì tó wà nítòsí Ayigya, ó sì ti wálé láti àná nítorí ọkọ̀. Kumasi ni wọ́n bí i sí. Tí inú rẹ̀ bá dùn, Twi ni yóò máa sọ, tí inú bá bí i, Yorùbá. Twi ló sọ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní òun ti ya ọkọ̀ ní fọ́tò, òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí àwọn jọ ń gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti ń kí òun kú oríire bàbá òun tó ra ọkọ̀ oníná.

Bákàrè bi í pé ta ló sọ fún un pé òun ti rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà kọ́, Bàbá?" ni Nàfísà dáhùn. "Ẹ sọ ọ́ fún bàbá tó ń lẹ táyà lánàá. Mo wà níbẹ̀."

Sẹ̀kínát wo ọkọ rẹ̀. Obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo oníbàárà tó ń ná ohun tí kò ní í rà, ojú rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ó kó abọ́ kókò nílẹ̀, ó sì wọlé lọ wẹ̀.

Lóde, èrò ti ń pé. Ẹnì kan ń fi ìka kan ara ọkọ̀, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá yóò rí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Wọ́n ń bi Bákàrè léèrè, ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tó kàn án láti irin dé irin: kò mu pẹtiróòlù, kò mu ọ́ìlì, kò pariwo, iná ló ń jẹ bí àwa ṣe ń jẹ fùfú. Àwọn obìnrin tó dúró síbi kókò ń sọ tiwọn lábẹ́lẹ̀. Ọ̀kan ní ṣé kì í ṣe ìsọ̀ Sẹ̀kínát ni wọ́n fẹ́ fi rà á, òun gbọ́ ọ lẹ́nu Gifty fúnra rẹ̀ ní Kejetia. Èkejì ní kó panu mọ́, ẹni tó bá fi ìsọ̀ ìyàwó ra ọkọ̀, ọkọ̀ ọ̀hún náà ni yóò gbé ìyàwó lọ fún un. Wọ́n rẹ́rìn-ín sínú ìborùn, wọ́n sì gbójú sókè kí Àlàájì kú oríire.

Ìgbà yìí ni Cornelius rékọjá títì wá, tòun ti aṣọ ìnura lọ́rùn. Ọmọ Yorùbá bíi tiwọn ni, ọmọ ìjọ tó máa ń kọrin títí di ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ta oògùn òyìnbó nítòsí ibi tí ọkọ̀ ti ń yí po ní Santasi. Òun ló kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ oníná wọ àdúgbò, láti ọjọ́ náà ni oorun kò sì ti já mọ́ nǹkan lójú Bákàrè. Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé Cornelius kì í bò ó. Ẹni tó bá bi í, yóò sọ fún un pé háyà ni, owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun, tí òun kò bá san ti oṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ wọn. Ẹni tí kò tijú báyìí, báwo ni a ṣe ń bá a díje?

Ó kí Àlàájì dáadáa, ó yí ọkọ̀ náà po, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ló wá bi í, tinútinú, láìní ibi nínú: "Àlàájì, ṣé ẹ rà á ni, àbí ẹ háyà ẹ̀ bíi tèmi?"

Àwọn obìnrin tó wà níbi kókò na ọrùn.

"Mo rà á," ni Bákàrè wí. "Wọn kì í háyà nílé tiwa."

Cornelius ní ó dára, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n fi lo ayé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọjọ́ tí àwọn oníṣẹ́ iná wá wo ilé òun. Ó ní ojú ti òun, nítorí wọ́n bá wáyà kan lókè àjà tí ẹni tó ni ilé fi ọ̀rá ìpápánu dì, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ òun tí òun fi ń jí láàárọ̀. Rachael ìyàwó rẹ̀ kígbe láti òdìkejì pé kí wọ́n má dá a lóhùn, ẹni tí kò ni ọkọ̀ ló ń fọ̀ ọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Cornelius fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Bákàrè rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó padà sí ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀, ó tún un nù.

Oòrùn ti ga, àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń wọ aṣọ Jímọ̀ wọn, nígbà tí Godfred dé, ọmọkùnrin tó ń ta ọkọ̀. Ọmọ Asante ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó máa ń rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń san owó ẹ̀rín fún. Kò dá wá. Ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká wà lẹ́yìn rẹ̀. Bákàrè rí àpò náà, kò sì dúró kí wọ́n kí òun tán. Ó fi Twi sọ ọ́ kí gbogbo òde lè gbọ́: òun ti yàn, rírà ni, kò sí háyà nínú rẹ̀, alẹ́ yìí ni owó yóò délẹ̀.

Inú Godfred dùn. Wọ́n bọ ọwọ́, wọ́n sì fi ìka ta ara wọn bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀rín sọ pé kí Àlàájì jẹ́ kí ọkùnrin òun wo iná ilé kíákíá, kí wọ́n má baà pẹ́ sí ìrun.

Bákàrè ní kò gbọ́ òun yé. Rírà ni òun wí.

Godfred ní ó yé òun. Ó ní ẹni tó bá rà á àti ẹni tó bá háyà rẹ̀, bákan náà ni. Ilé tí wọn kò bá wo iná rẹ̀, wọn kì í ṣe onídùúró bátìrì fún un, wọn kì í sì í já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé onílé náà lọ́wọ́. Ó ní ṣé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Kí Àlàájì má bínú.

Ẹ wo Bákàrè níbi tó dúró sí. Ìsọ̀ ìyàwó tó ti pinnu láti tà, kò lè ra ohun tó torí rẹ̀ fẹ́ tà á. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ẹlòmíràn ì bá ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n Cornelius dúró lójú títì, àwọn obìnrin kókò dúró, fọ́tò sì ti dé Ayigya. Bákàrè wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tó rí ni pé ẹlẹ́hàá wà nínú ilé. Ó ṣàlàyé fún Godfred pé nínú ẹ̀sìn tiwọn, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú ọkùnrin àjèjì kan òun, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè wọ ẹ̀yìnkùlé.

Bẹ́ẹ̀ ni Sẹ̀kínát di ẹlẹ́hàá ní ìṣẹ́jú kan, Sẹ̀kínát tí gbogbo awakọ̀ tròtró, ọkọ̀ akérò ibẹ̀, láti Santasi dé Kejetia mọ ohùn rẹ̀. Obìnrin tó ń ta kókò yí ojú sí ìkòkò rẹ̀. Godfred fi ìtẹríba fà sẹ́yìn. Àfi bí Nàfísà ṣe jáde láti ẹ̀yìnkùlé tòun ti sòkòtò jíǹsì, ìborùn ti sún dé àárín orí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó sì ń wí fún wọn pé, "Akwaaba, ẹ wọlé, ẹ wá wo ẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Oníṣẹ́ iná ní kò burú, kò pọn dandan kí òun wọ ẹ̀yìn. Kí wọ́n kàn bá òun pa iná ilé láti ibi mítà níwájú níbí, kí òun rí i pé ó ń pa dáadáa. Ìtura bá Bákàrè. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pa á, ó gbé apá agbádá sí èjìká, ó fa ohun tí wọ́n fi ń pa á wálẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè wá ṣí ilé ìwòsàn.

Tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kú. Fáànù ń rọra yí, ó ń rọra yí, ó dúró. Ilé dákẹ́.

Ó yẹ kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn, fíríìjì ń kùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lórí fèrèsé yàrá Àlàájì, ẹ̀rọ amúlétutù ń mí, ó ń kán omi tótó sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Oníṣẹ́ iná ń wo bàtà ara rẹ̀. Godfred mú fóònù jáde, ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan.

"Bàbá," ni Nàfísà wí, ó sì ti fi Twi sílẹ̀, "ibo ni ìyẹn ti ń rí iná?"

Nàfísà yí padà sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbọ́ tó ń gbé ẹ̀ka gúáfà sókè. Ìgbà tó padà, kò wo ẹnì kankan lójú. Ó jókòó sórí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà, ó mú fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹlẹ́hàá náà wá jáde. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ ọjà, ìdì kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí Godfred, ó kí oníṣẹ́ iná, ó kí Cornelius láti ọ̀ọ́kán. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ó dúró.

"Mo ti sọ fún Gifty lórí fóònù pé mi ò tà," ló wí. "Ẹ lọ bá Lèmọ́mù kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú yín dé ibẹ̀."

Ó lọ. Tròtró kan dúró fún un lókè, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń pe Kejetia, Kejetia, ó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn.

Godfred gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí Àlàájì tún ibẹ̀ ṣe, kó sì pe òun, kò tíì bàjẹ́. Ó wọnú ọkọ̀, ó sì wà á lọ. Ọkọ̀ oníná kì í hó, kì í húkọ́, kì í tu èéfín. Ó kàn yọ́ lọ láàrin àwọn èèyàn bí ìgbà tí kò wá rí. Bákàrè ì bá fẹ́ kó pariwo díẹ̀. Cornelius tẹjú mọ́ etí aṣọ ìnura rẹ̀ bí ẹni tó rí àbàwọ́n níbẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣí ìsọ̀. Kò bú u. Rachael náà kò sọ̀rọ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ aládùúgbò rere, èwo ni kí a fi wé?

Ní ìrun Jímọ̀, ìlà tó kẹ́yìn ni Bákàrè dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Àwọn kan rò pé ara rẹ̀ kò yá. Iná ti padà sí mọ́ṣáláṣí, gbohùngbohùn ń ṣiṣẹ́, ó sì dà bíi pé gbogbo ohun tí Lèmọ́mù ń wí, òun ló ń bá wí, bẹ́ẹ̀ Lèmọ́mù ń sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú òbí.

Ó dúró kí èrò tú tán. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń dúró, ó ń to ọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀. Ìtìjú wà níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi dù ú. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í bá ìtìjú jà lára irú rẹ̀. Wọ́n máa ń pín yàrá ni. Kó tó dé ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù Ùmàr, tó jókòó ti òpó tó ń ka tẹ̀sùbáà, ẹ̀bẹ̀ ti di ọrẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti ń rò ó pé iná mọ́ṣáláṣí jẹ́ ẹrù tó wúwo fún ìjọ, òun sì fẹ́ máa gbé ẹrù náà láti oṣù yìí lọ, nítorí Ọlọ́run, nítorí ọkàn bàbá òun. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀. Ó ní àfi tí wọ́n bá rí i pé ó yẹ.

Lèmọ́mù jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ka tẹ̀sùbáà dé òpin, ó ká a sọ́wọ́.

"Ṣé nítorí wáyà abẹ́ gúáfà ni, Bákàrè?"

Bákàrè kò gbé orí sókè.

"A mọ̀," ni Lèmọ́mù wí. "Ó pẹ́ tí a ti mọ̀. Khàlíl ló kọ́kọ́ rí i níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Mo ní kó bò ó. Ẹni tó bá bo àṣírí ẹnìkejì rẹ̀, Ọlọ́run á bo tirẹ̀."

Omi gba ojú Bákàrè. Gbogbo Àsùbá tó ti dúró níwájú, gbogbo ìgbà tó ti na ọwọ́ sí àwọn ọmọdé pé kí wọ́n tò dáadáa, gbogbo ìgbà tó ti bú oníná, wọ́n ń wò ó, wọ́n mọ̀, wọ́n sì ń sún fún un. Ó ní kí wọ́n foríjì òun. Tinútinú ló fi sọ ìyẹn, òun sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Lèmọ́mù ní wọ́n ti foríjì í, kó lọ gé wáyà náà, kó máa lọ sílé.

Ì bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti nu ojú tán, ó rántí ẹni tí òun jẹ́. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó ń jẹ ohun olóhun. Kí Lèmọ́mù sọ àpótí tí wọ́n ti ń mú owó náà fún òun, bó jẹ́ ti ìrun Jímọ̀ ni, bó jẹ́ ti àtúnṣe ni, kí òun dá a padà síbẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, kí ọ̀rọ̀ náà tán pẹ̀lú iyì.

"Má béèrè," ni Lèmọ́mù wí.

Bákàrè ní òun fẹ́ mọ̀. Ó ní ọmọ bàbá òun ni òun.

Arúgbó náà wò ó títí, bí ẹni tó ń wá ọmọdé kan tó ti mọ̀ rí ní ojú àgbàlagbà.

"Ìjókòó ńlá la ṣe lé e lórí," ló wí. "Bàbá rẹ ló fún wa nílẹ̀ tí a fi kọ́ ibí yìí. A kò lè pe ọmọ rẹ̀ ní olè, a wá pè é ní aláìní. Láti ọdún tí a sin bàbá rẹ, owó sàká la fi ń san iná ilé rẹ, láti inú ìpín àwọn aláìní."